Ilẹ̀kùn Wà ní Ṣíṣí, Ẹnikẹ́ni Ò Ráyè Wọlé

Lọ́jọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Mafoluku, lẹ́yìn Oṣòdì, fẹ́ gbé èsì ìdánwò jáde lórí ìkànnì wọn, ìyá tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà pè mí ní kùtùkùtù. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí i tán.

"Ọmọ mi, wọ́n ti háàkì wa o! Láti aago mẹ́fà làwọn òbí ti ń pè mí. Wọ́n ní kò ṣí. Wọ́n ní ó kàn ń yí ni, ó ń yí."

Nígbà tí mo fi máa la sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Oṣòdì kọjá dé ọ̀dọ̀ wọn, ọmọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí tábìlì akọ̀wé owó. Abẹ́ tábìlì yẹn ni sẹ́fà wọn ń gbé: kọ̀ǹpútà dúdú kan, tòkunbọ̀, eruku ti bo ojú fáànù rẹ̀, ẹnì kan sì ti fi bírò kọ "MÁ PA Á O" sórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára. Iná wà. Íntánẹ́ẹ̀tì wà. Ọmọ náà gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo nǹkan. Kò ṣiṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Ó kàn jókòó ni."

Òótọ́ ló sọ. Ọpọlọ ẹ̀rọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sùn. Èsì àwọn ọmọ wà níbi tí wọ́n kó o sí, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ẹnikẹ́ni ò yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà. Ìwé àlejò rẹ̀, níbi tó ti máa ń kọ àdírẹ́ẹ̀sì gbogbo ẹni tó bá wá, kò ní ju ìlà mélòó kan lọ láti ìdájí. Síbẹ̀, fóònù ogójì òbí ń yí òbíríkítí.

A máa ń sọ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Gbogbo ìmọ̀ràn tí wọ́n ń gbà wá nípa ààbò kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ ògiri yẹn ni: ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ padà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ aṣínà yín han ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n irú aláǹgbá kan wà tí kò fẹ́ wọlé rárá. Ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí. Ìbéèrè tí Màmá bi mí lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ fi orí yìí dáhùn: "Tí ẹnikẹ́ni ò bá wọlé, kí ló wá pa á?"

Ohun tó pa á, ìdílẹ̀kùn ni màá máa pè é: kí nǹkan kan dí ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ títí àwọn tó níṣẹ́ ṣe níbẹ̀ ò fi ní ráyè. Sẹ́fà fúnra rẹ̀ kì í ṣe nǹkan àràmàǹdà. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní kó máa gbàlejò ni. Fóònù yín á wá béèrè ojú ìwé kan lọ́wọ́ rẹ̀, á wá a, á fà á lé e lọ́wọ́, ó parí. Kò mọ ẹni tó wá, kò sì bìkítà. Ìwà ọmọlúàbí yìí gan-an ló ń kó bá a.

Àgò o!

Kí àlejò tó wọlé, á ké àgò. "Àgò o!" Onílé á ní, "Àgò yà! Ta nìyẹn?" Àlejò á ní, "Èmi ni o." Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta yìí ni ọ̀rọ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà náà ṣe ń ṣe nìyẹn, láì yọ ọ̀kan sílẹ̀. Kí fóònù tó lè béèrè ohunkóhun, ó kọ́kọ́ ń fi ìdì kékeré kan ránṣẹ́ tó túmọ̀ sí àgò. Sẹ́fà á dáhùn, á sì kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan pé lágbájá wà lẹ́nu ọ̀nà, mò ń retí rẹ̀. Nígbà tí fóònù bá fèsì pé òun ni, wọ́n á pa ìlà yẹn rẹ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dáa, ká tó ṣẹ́jú, ó ti parí.

Ẹ wá fojú inú wo ẹnì kan tó sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri, tó ń ké àgò ní igba ohùn, tó ń fi orúkọ olórúkọ pe ara rẹ̀. Onílé ń dáhùn gbogbo rẹ̀, ó ń kọ orúkọ, ó ń retí. Kò sẹ́ni tó ní èmi ni. Ìwé pélébé náà kún. Àlejò gidi dé, ó ké àgò, onílé gbọ́ ọ ketekete, ṣùgbọ́n kò sí ìlà tó lè kọ ọ́ sí mọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1996, wọ́n ṣe é fún Panix, ilé iṣẹ́ kan tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ní New York, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nígbà yẹn kò tíì sí oògùn tó dájú fún un.

Oògùn rẹ̀ jáde ní oṣù yẹn gan-an, láti ọ̀dọ̀ D. J. Bernstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí onílé jáwọ́ nínú kíkọ orúkọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, bó bá ń dáhùn "àgò yà", kó fún àlejò ní tálì, bí èyí tí wọ́n ń fún wa ní ọsibítù ìjọba. Nọ́ńbà orí tálì náà, onílé ló ṣírò rẹ̀ láti ara àdírẹ́ẹ̀sì àlejò, aago tó dé, àti àṣírí kan tí òun nìkan mọ̀. Bí àlejò bá mú tálì padà wá, onílé á tún un ṣírò, á rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni, á sì ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri ò ní rí tálì gbà láéláé, nítorí orúkọ olórúkọ ló fi kágò, ọ̀dọ̀ ẹni tó lorúkọ ni èsì ń lọ. Nínú gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú orí yìí, èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀tá fẹ́ kí onílé rántí títí orí rẹ̀ á fi kún. Onílé ní òun ò ní rántí nǹkan kan.

Ó ti wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní. Ó wà nínú ti Màmá náà, bó ti gbó tó. Nítorí náà, àwọn tó dí ẹnu ọ̀nà Màmá ti ní "èmi ni". Wọ́n ti wọ yàrá àlejò, wọ́n ti jókòó.

Bùkà oníṣẹ́ mẹ́fà

Ìyá olóúnjẹ kan wà ní Oṣòdì ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ ká ní bẹ́ẹ̀. Ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà, òfin kan ló sì fún wọn: ọmọ iṣẹ́ kan, oníbàárà kan. Bó bá ti dúró ti oníbàárà, kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ títí onítọ̀hún á fi ní ó tán.

Àwọn mẹ́fà kan wọlé lọ́sàn-án. Ẹni àkọ́kọ́ ní, "Ẹ bá mi bu àmàlà..." Ọmọ iṣẹ́ ti mú ìgbakọ dání. Ó ń retí. Ó pẹ́ díẹ̀, ọkùnrin náà ní, "...igba náírà..." Ọmọ iṣẹ́ tún fọkàn balẹ̀. Ó tún pẹ́. "...rárá o, ẹ jẹ́ kí n rò ó ná..." Àwọn márùn-ún tó kù ń ṣe bákan náà. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni, wọn ò gbé àwo, wọn ò ní àwọn ò ní sanwó. Wọn ò kàn parí ọ̀rọ̀ ni. Lóde, àwọn kọ̀ńdọ́ tí ebi ń pa ti tò dé ojú títì. Iná ń jó, ìkòkò kún, ìyá olóúnjẹ jókòó sórí àpótí, kò ríṣẹ́ ṣe. Ẹni tó bá wo ilé ìdáná nìkan á ní ọjà kò tà lónìí.

Bí Apache, sẹ́fà tó gbajúmọ̀ jù lọ láyé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣe ń gbàlejò tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, òṣìṣẹ́ 150 tàbí 256 ni wọ́n ń gbà á láyè láti ní, ọ̀kan fún àlejò kan. Nínú àwọn ẹ̀dà àtijọ́, bí ẹnikẹ́ni ò bá yí ètò rẹ̀ padà, òṣìṣẹ́ á retí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àlejò fún ìṣẹ́jú àáyá 300, èyí tó jẹ́ ìṣẹ́jú 5. Bí àlejò bá sì ti sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, kíkà tún bẹ̀rẹ̀ látorí òdo. Ẹ rí i pé ẹni tó bá fẹ́ ti irú sẹ́fà bẹ́ẹ̀ pa kò nílò agbára. Ó kàn nílò ìfarabalẹ̀.

Robert Hansen, ará Amẹ́ríkà, ló tú àṣírí yìí síta ní oṣù Kẹfà ọdún 2009, ó sì fi ìwé ètò kékeré kan ṣe àfihàn rẹ̀. Slowloris ló pè é, orúkọ ẹranko igbó Éṣíà kan tó máa ń rìn lórí ẹ̀ka igi lóru bí ẹni tí kò fẹ́ jí ewé. (Ìbátan rẹ̀ kan, potto, wà nínú igbó tiwa níhìn-ín ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà; ojú rẹ̀ tóbi, ìrìn rẹ̀ náà ò yá.) Ohun tó dẹ́rù ba àwọn èèyàn ni pé láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo tó, pẹ̀lú dátà tí kò tó èyí tí ẹ fi ń wo fíìmù. Ó tún ní àrékérekè kejì: ìgbà tí ọ̀rọ̀ àlejò bá parí ni Apache máa ń kọ ọ́ sínú ìwé àlejò. Ẹni tí kò parí ọ̀rọ̀, kò sí nínú ìwé. Ìdí nìyẹn tí ìwé fi máa ń funfun nígbà tí yàrá kún fọ́fọ́.

Ẹ bá mi kúrò ní bùkà, ká bọ́ sínú dánfó. Kọ̀ńdọ́ kan ṣoṣo, èrò bíi 18. "Owó yín dà? Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣénjì yín o!" Ìyá kan ní ìjókòó iwájú ń tú báàgì. Kọ̀ńdọ́ ò dúró tì í. Ó ti nawọ́ sẹ́yìn, ó ti gba ti ọmọ ilé-ìwé, ó ti bá ẹnì kan jà nítorí náírà tó ya, ó tún padà sọ́dọ̀ ìyá náà: "Màmá, ṣé ẹ ti rí i?" Lórí rẹ̀ ló kọ gbogbo rẹ̀ sí: èyí ti san, èyí kù díẹ̀, èyí ní ṣénjì lọ́wọ́ mi. Igor Sysoev, ọmọ Rọ́ṣíà, ló gbé sẹ́fà kan jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2004, nginx, tó ń ṣiṣẹ́ bíi kọ̀ńdọ́. Kì í fi òṣìṣẹ́ ti àlejò. Ìlà kékeré kan ló ń kọ fún àlejò kọ̀ọ̀kan pé ó ti sọ̀rọ̀ dé ibí, á sì yíjú sí ẹlòmíràn. Ẹgbẹ̀rún kan alọ́ra ná an ní ẹgbẹ̀rún kan ìlà, kò ná an ní ẹgbẹ̀rún kan òṣìṣẹ́.

Apache náà kọ́gbọ́n. Láti ọdún 2010 ni wọ́n ti fi gbèdéke kún un: bí àlejò ò bá parí ìbéèrè rẹ̀ láàárín àkókò báyìí, kó máa lọ. Ọdún 2009 ni wọ́n ti gbé Apache sínú sẹ́fà Màmá. Láti ìgbà náà, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló ti ń pa òfin "MÁ PA Á O" mọ́, torí ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀tun sí i gbọ́dọ̀ pa á kó tún un tàn.

Fọ́tòkọ́pì àti sílíìpù báǹkì

Ìlọ́ra nìkan kọ́ ni ìdílẹ̀kùn. Nígbà mìíràn, ìbéèrè kan ṣoṣo ti tó.

Ẹnì kan wọ ilé fọ́tòkọ́pì ní Ìsọlọ̀, ó gbé ìwé olójú 100 kalẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣe ojú ìwé 1 dé 100 fún òun. Kí wọ́n tún ṣe 2 dé 100. Kí wọ́n tún ṣe 3 dé 100. Bẹ́ẹ̀ ló kọ gbogbo rẹ̀ sórí bébà kan, ìlà 100. Ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ, tí wọ́n ti kọ́ pé kò gbọ́dọ̀ já oníbàárà níyàn, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Bébà tán. Kò ju bébà ìbéèrè kan lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Apache ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011 nìyẹn, nígbà tí ẹnì kan tó ń jẹ́ Kingcope gbé ètò kan jáde tó ń béèrè ege fáìlì kan náà léraléra, tí àwọn ege náà ń gun ara wọn. Ibi tí ẹ̀rọ ń kó nǹkan sí tí ó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ á kún, gbogbo ẹ̀rọ á sì dákú. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti gbé ẹ̀dà 2.2.20 jáde láti fi wò ó.

Kì í ṣe pé ẹnì kan ṣe àṣìṣe nígbà tó ń kọ ọ́ o. Bíbéèrè ege fáìlì jẹ́ ẹ̀tọ́ tó wà nínú òfin ayélujára fúnra rẹ̀, àwa gan-an la sì ń jàǹfààní rẹ̀ jù: bí fíìmù tí ẹ ń gbà sílẹ̀ bá dé ìdajì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, ẹ̀tọ́ yìí ló jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé. Wọn ò kàn sọ iye ege tó tó. Michal Zalewski ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2007. Ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ ni ìkìlọ̀ náà fi wà nílẹ̀.

Èyí tó kù, àwọn sẹ́fà kéékèèké ló máa ń ṣe jù, irú èyí tí ẹnì kan ṣoṣo jókòó kọ ní ìparí ọ̀rúndún tó kọjá. Ẹ rántí sílíìpù báǹkì, bí wọ́n ṣe ya àpótí fún orúkọ, tí àpótí iye owó sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ká ní ẹni tó ń kọ orúkọ ò mọ ibi tí àpótí parí sí, tí orúkọ rẹ̀ sì gùn bí oríkì: lẹ́tà á ṣàn wọ àpótí owó. Èdè C tí wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú àwọn sẹ́fà wọ̀nyẹn kì í ká ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kò bó bá kọjá àlà. Akọ̀wé ètò ya àyè sílẹ̀ fún orúkọ ojú ìwé, lẹ́tà 256 ká ní. Ẹnì kan fi 5,000 ránṣẹ́. Èyí tó ṣẹ́kù ṣàn wọ àpótí ẹ̀gbẹ́, níbi tí ètò náà kọ ọ́ sí pé ibí ni màá padà sí tí mo bá ṣe èyí tán. Ó wá fẹ́ padà, ó ka ìsọkúsọ, ó ṣubú. Kò ní dìde títí ẹnì kan á fi wá tún un tàn, bó bá sì jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ti ilé iṣẹ́, ó di Mọ́ńdè. Lọ́wọ́ ẹni tó gbówọ́, ohun tó ṣàn yẹn kì í ṣe ìsọkúsọ mọ́, àṣẹ ni, ìyẹn sì ti di olè jíjà. Orí mìíràn ló máa gba ìyẹn.

Òjòlá tó ń gbé inú páálí tuntun

Ẹ lè ní ẹ ò ní sẹ́fà. Ó ṣeé ṣe kó wà lára ògiri yín. Ráútà tí ẹ fi ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, àpótí tí kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù so mọ́, méjèèjì ní sẹ́fà kékeré nínú. Bí ẹ bá tẹ àdírẹ́ẹ̀sì wọn tí ojú ìwé kan yọ tó ní kí ẹ wọlé, ta lẹ rò pé ó gbé ojú ìwé náà fún yín?

Ọ̀kan nínú irú àwọn sẹ́fà kéékèèké bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ Boa, orúkọ ejò ńlá, òjòlá. Ó fúyẹ́, kì í jẹ àyè, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ kéékèèké sì fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ pa á tì ní ọdún 2005. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, Microsoft jáde sọ pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ka Boa tó lé ní mílíọ̀nù kan tí wọ́n wà ní gbangba lórí ayélujára káàkiri ayé. Báwo ni òkú ọdún 17 ṣe ń pọ̀ sí i? Ẹni tó ń ṣe ṣípù máa ń kó àwọn ètò kan pọ̀ mọ́ ọn kó tó tà á. Boa wà nínú ẹrù náà. Ẹni tó ra ṣípù fi ṣe ráútà, ẹlòmíràn lẹ orúkọ tirẹ̀ mọ́ ráútà, wọ́n kó o wọ kọ̀ǹténà, ó di ọjà Alaba, ó di Computer Village. Páálí rẹ̀ ń dán, ọdún yìí ni wọ́n tẹ̀ sí i lára. Ẹni tó bá mọ dánfó mọ bí ọ̀dà tuntun ṣe ń bo ẹ́ńjìnnì.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Oṣòdì sí Apapa, láti Ilasamaja dé Ìsọlọ̀, ilé ìkẹ́rùsí àti ilé iṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ Túsìdeè tí ọjà Aswani bá ná, owó ń yí, gbogbo èèyàn sì fẹ́ wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lórí fóònù. Ẹni tó bá wọn so kámẹ́rà á ní, "Ọ̀gá, mo ti ṣí pọ́ọ̀tì fún yín. Ibi yòówù tẹ́ ẹ bá wà, ẹ ti ń rí i." Bí ilé iṣẹ́ náà bá ní àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ lórí ayélujára, gbogbo ayé náà ti ń rí ilẹ̀kùn yẹn. Ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ṣì jẹ́ èyí tó bá páálí wá.

Ní ọdún 2016, ètò kan tó ń jẹ́ Mirai ń káàkiri irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ó ń dán orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà bíi 60 wò, gbogbo rẹ̀ èyí tí ilé iṣẹ́ fi sí i. Kò bìkítà fún fídíò yín. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe àsàsí séèyàn, tí onítọ̀hún á ṣì máa jẹ, á máa mu, ṣùgbọ́n bí ẹni tó sà sí i bá pè é, á dìde? Bẹ́ẹ̀ ni kámẹ́rà náà á ṣì máa ya ṣọ́ọ̀bù yín. Agbo alásàsí ni mo ń pe ọ̀pọ̀ wọn lápapọ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, irú agbo bẹ́ẹ̀ ya bo Dyn, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń júwe ọ̀nà ìkànnì fún àwọn kọ̀ǹpútà, Twitter àti ọ̀pọ̀ ìkànnì ńlá sì ṣókùnkùn fún wákàtí mélòó kan.

Èyí tó sún mọ́ wa jù, Liberia ni. Daniel Kaye, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá kan ní Cellcom, ilé iṣẹ́ fóònù kan ní Liberia, pé kó máa dí ẹnu ọ̀nà Lonestar MTN tí wọ́n jọ ń bára wọn díje. Ó tó $10,000 tí wọ́n ń san fún un lóṣooṣù. Ó kó agbo Mirai tirẹ̀ jọ, nígbà tó sì di oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ó da agbo náà bo Lonestar débi pé íntánẹ́ẹ̀tì dàrú fún àwọn èèyàn orílẹ̀-èdè náà. Ilé-ẹjọ́ kan ní London rán an lẹ́wọ̀n ọdún 2 àti oṣù 8 ní oṣù kìíní ọdún 2019. Lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára tiwa ti ọdún 2015, ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 2 lọ, tàbí owó ìtanràn tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, tàbí méjèèjì, ló wà fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ dí ẹ̀rọ lọ́wọ́ iṣẹ́.

Irú ìdílẹ̀kùn tí agbo ń ṣe yìí yàtọ̀ sí ti bùkà. Àwọn tó mọ Oṣòdì kí oṣù kìíní ọdún 2009 tó dé, kí ìjọba Fáṣọlá, gómìnà Èkó nígbà náà, tó kó àwọn ọlọ́jà kúrò lójú títì, á yé wọn. Ṣọ́ọ̀bù kankan ò tì. Ẹ̀yin lẹ ò lè débẹ̀, torí tòmátì, bàtà àti dánfó tó ń dá èrò ti gba ọ̀nà, ó ku ojú ibi tí ọkọ̀ kan lè gbà. Oníṣọ́ọ̀bù lè ní ọgọ́rùn-ún ọmọ iṣẹ́ bíi kọ̀ńdọ́, kò ní ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó ni ọ̀nà ló lè wò ó sàn, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá fún yín, kí wọ́n tó jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ó ku ti Màmá

Ọmọkùnrin tó wà lábẹ́ tábìlì tẹ àṣẹ kan tó máa ń ka gbogbo ẹni tó wà ní yàrá àlejò lọ́wọ́lọ́wọ́. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í ya wálẹ̀. 150 géérégé, gbogbo òṣìṣẹ́ ti ní oníbàárà. Ó tún wò ó dáadáa, ó fò sókè, orí rẹ̀ gbá tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí wọn! Àdírẹ́ẹ̀sì mẹ́ta péré ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ni gbogbo ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dí wọn pa!" Ìka rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì.

Mo ní kó ní sùúrù. A wá ẹni tó ni àwọn àdírẹ́ẹ̀sì náà. Ilé iṣẹ́ fóònù ni, àwọn tí gbogbo wa ń ra dátà lọ́wọ́ wọn. Irú àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí ayélujára ń lò kò ju bílíọ̀nù 4 àti díẹ̀ lọ fún gbogbo ayé, ó sì ti wọ́n. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ fóònù máa ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóònù sẹ́yìn àdírẹ́ẹ̀sì kan, bí ilé oníyàrá púpọ̀ tí nọ́ńbà ẹnu géètì rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ká ní ọmọ náà tẹ bọ́tìnnì yẹn, gbogbo òbí tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ̀nyẹn ni ì bá tì síta.

Kò sí ọ̀tá kankan. Òbí ni wọ́n. Òmíràn wà nínú bọ́ọ̀sì lábẹ́ bíríjì, òmíràn wà ní Agége Motor Road, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ju ìlà kan lọ, ọ̀rọ̀ wọn ń jáde lẹ́yọ-lẹ́yọ, èsì tí sẹ́fà ń fún wọn náà ń kán tó, tó. Bí ó bá pẹ́, wọ́n á tún un tẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un tẹ̀, àlejò tuntun wọlé, ti àkọ́kọ́ ṣì jókòó, Apache ọdún 2009 sì ń fi ìṣẹ́jú márùn-márùn-ún retí gbogbo wọn.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Màmá. Ó wò mí títí.

"Ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé àwọn òbí fúnra wọn ló háàkì wa?"

A gbé nginx sínú láptọ́ọ̀pù mi, a fi síwájú sẹ́fà àtijọ́ kó máa bá a gbàlejò, kó máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn alọ́ra títí á fi pé, kó tó fi ìbéèrè tó ti parí ránṣẹ́ sẹ́yìn. A tún fún un ní gbèdéke ìṣẹ́jú àáyá 20. Kò gbà wá tó wákàtí kan. Fóònù Màmá dẹ́kun yíyí níwájú wa. Èsì ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá. Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó fi ìka tẹ̀lé e láti òkè wálẹ̀, ó dúró níbi ìṣirò.

"Mọ́kànlélógójì," ó ní. "Ẹ bá sì ti jẹ́ kó máa yí lọ."